Òrùka Tó Yí Ìràwọ̀ Ká

Ní àdúgbò wa ní Arkilla, bóyá èmi nìkan ni inú mi máa ń dùn bí iná bá lọ. Bí gbogbo ilé bá ti ṣókùnkùn, tí àwọn èèyàn ṣì ń kùn, kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, màá ti gbé awò awọ̀nàjíjìn mi jáde sí àgbàlá. Ìyàwó mi sọ pé lọ́jọ́ tí àwọn aládùúgbò bá mọ̀ pé ẹnì kan wà láàárín wọn tó ń gbàdúrà kí iná má dé, wọ́n á kó ẹrù wa síta. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, àwọn oníná ò nílò àdúrà mi.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé mi dé Sokoto láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì jókòó síbẹ̀, mo fẹ́yàwó, a bímọ. Bí wọ́n bá bi mí nílé pé kí ni mo rí lókè Ọya lọ́hùn-ún tí mi ò fi padà wá, mo máa ń sọ pé ọ̀run ni. Wọ́n á rò pé mò ń ṣàwàdà. Nílé, igi àti òrùlé àti ìkùukùu ló pín ọ̀run mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní Sokoto, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọyẹ́ kò bá gbé eruku dé, ọ̀run a ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Awò mi kì í ṣe tuntun. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń kó kúrò ní Kano ni mo ti rà á. Páìpù gbọọrọ kan ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó abọ́ ìfọwọ́, dígí kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, gíláàsì kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi róbà dúdú yí létí, níbi tí èèyàn ń gbé ojú lé. Kì í ṣe tìtorí òṣùpá ni mo ṣe rà á. Àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà ni mò ń wá, àwọn tí wọ́n ń pè ní gálásì. Àìmọye ìràwọ̀ tó kóra jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà débi pé bí àbàwọ́n eérú ni wọ́n ṣe ń hàn nínú awò mi. Bí o bá tẹjú mọ́ ọn, yóò pòórá. Àfi kí o wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o ṣe bí ẹni pé kì í ṣe òun lò ń wò, kó tó yọjú. Ìyàwó mi ní bí ọmọge ṣe ń wo ọkùnrin tó wù ú nìyẹn.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ràn jù. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, bí abẹ́rẹ́ tí ẹnì kan gbàgbé sórí aṣọ dúdú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà ṣáájú kí ẹ̀dá èèyàn kankan tó wà láyé, àgbàlá mi ní Arkilla ló sì wá parí ìrìn rẹ̀ sí. Lọ́dọọdún tí ìgbà rẹ̀ bá dé, mo gbọ́dọ̀ rí i. Ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ rí i kì í ṣe ẹwà nìkan, mo sì ní láti sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ mi tó yé èèyàn.

Bàbá mi ò ríran mọ́. Télọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì lókìkí ní Ògbómọ̀ṣọ́ nípa agbádá tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni òrùka. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní òrùka yí gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ká, bí èyí tó máa ń yí òṣùpá ká. Wọ́n ní gílóòbù náà ni kò dáa, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Òrùka ò lọ, wọ́n tún pààrọ̀ èkejì. Nígbà tí a fi máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, ojú ti ń kú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, kò sì sí oògùn tó lè dá èyí tó ti lọ padà. Gìlòkómà ni dókítà pe àrùn náà. Ó wo àwa ọmọ tí a tẹ̀ lé wọn lọ, ó ní àrùn yìí a máa bá ìdílé rìn, kí gbogbo wa lọ ṣe àyẹ̀wò ojú tiwa.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ. Èmi padà sí Sokoto, ọdún ń gorí ọdún, mi ò lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́. Mo wá fi abẹ́rẹ́ ojú ọ̀run yẹn ṣe dókítà mi. Mo ní ojú tó ń rí gálásì, kí ló kù tí kò lè rí?

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ààwẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí ọyẹ́ ń kógbá sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń wá oṣù, gbogbo Sokoto ló gbójú sókè, àwọn aládùúgbò sì mọ̀ pé nǹkan kan wà nílé mi. Kí oòrùn tó wọ̀ tán ni wọ́n ti kún àgbàlá: àwọn ọkùnrin nínú jàlàbíà, àwọn obìnrin nínú híjáàbù, àti ìyá arúgbó ilé kejì tí gbogbo wa ń pè ní Hajiya. Mo dúró ti awò náà gírí. Ohun tí mo kórìíra jù láyé ni ìka lórí gíláàsì, torí náà mò ń pariwo ṣáá ní Hausa pé, “Ido kawai! Ojú nìkan! Ẹ má fọwọ́ kàn án!” Wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Gbogbo wọn ló kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé kéú, tí wọ́n ń tẹ̀ba gbé ojú lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Hajiya ló pẹ́ jù níbẹ̀. Ó gbé ojú lé gíláàsì, ó tì í mọ́ ọn dáadáa, ó wá kígbe pé, “Kai! Ga shi can! Òun nìyẹn!” Lẹ́yìn náà ló gbórí sókè, ó fi ojú lásán wá a kiri lójú ọ̀run títí ó fi rí i, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè òrùlé ilé wọn. “Na gani, wallahi! Mo ti rí i!” ó ní, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ojú ara òun ló rí oṣù, kì í ṣe páìpù òyìnbó, kí ẹnikẹ́ni má lọ jẹ́rìí èké. A rẹ́rìn-ín títí. Kò pẹ́ tí rédíò fi kéde pé oṣù ti lé, ààwẹ̀ ti dé.

Bí ọjọ́ mélòó kan ti kọjá, afẹ́fẹ́ kan gbá eruku kúrò lójú ọ̀run. Mo ti ń retí rẹ̀. Ààwẹ̀ rọrùn fún irú wa, nítorí gbogbo ilé ti jí fún sààrì, kò sí ẹni tó máa bi èèyàn pé kí ló ń wá níta. Mo sáré jẹun, mo bọ́ sí àgbàlá. Mo mọ ọ̀nà ibi tí abẹ́rẹ́ mi wà bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé ìwé. Mo dé ibẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́, mo ní sùúrù. Kò sí nǹkan kan. Mo padà sẹ́yìn, mo tún ọ̀nà náà tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Mo yí awò sí ìràwọ̀ ńlá kan tó wà nítòsí, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣìnà. Ìràwọ̀ náà wà ní ipò rẹ̀. Òrùka yí i ká.

Mo ṣẹ́jú, mo nu ojú mi, mo tún wò ó, òrùka náà wà níbẹ̀ rekete. Wọ́n pe ìrun àsùbá, mo lọ ṣe àlùwàlá, mo bomi bọ́jú, mo kírun, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tí mo kà nínú ìrun yẹn, mi ò lè sọ ọ́.

Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ní kíláàsì, bí mo bá ti fún àwọn ọmọ níṣẹ́ tán, màá fi ọwọ́ bo ojú kan, màá máa wò bóyá mo ṣì ń rí igun pátákó láì yí orí. Ní ìrọ̀lẹ́, mo wá mílíìkì lọ sí Gawon Nama, mo dúró létí títì bí aláìnílé, mò ń wo iná iwájú àwọn kèké. Òrùka wà lára wọn. Eruku tí ẹsẹ̀ àti táyà ń tú sókè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ará Sokoto ló mọ̀, èmi náà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo ra mílíìkì, mo gbàgbé rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Ó lè ya èèyàn lẹ́nu pé mi ò nu gíláàsì awò náà. Ìlànà tiwa ni pé a kì í déédéé nù ún. Yanrìn inú ọyẹ́ mú, bí o bá fi aṣọ ń rin ín lórí gíláàsì, á ha á, kò sì ní àtúnṣe. Afẹ́fẹ́ la fi ń fẹ́ ẹ. Róbà tí a fi ń fa ikun nímú àbíkẹ́yìn wa nígbà tó wà ní ìkókó ni mo fi ń ṣe tèmi, mo sì ti fẹ́ ẹ dáadáa, eruku kankan ò sí níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkàn mi ti ṣèdájọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti ṣèdájọ́ kì í wá ẹlẹ́rìí mìíràn.

Mo tún jáde ní sààrì ọjọ́ kejì. Bákan náà ni. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òùngbẹ ń gbẹ mí bí mo ṣe wà nídìí awò, mo sì rántí pé mi ò tíì mu omi tó máa gbé mi dé ìṣínu. Mo sáré wọlé kí wọ́n tó pèrun. Ìyàwó mi jókòó ní pálọ̀ nídìí iná oníbátìrì, ó ń kó abọ́ jọ. Mo gbé ife, mo ń mu omi.

“Bàbá wọn, ẹ dúró ná.” Ó gbé iná náà sún mọ́ ojú mi. “Ta ló lé tìróò fún yín?”

“Tìróò wo?”

“Ojú ọ̀tún nìkan ni. Àbí ẹni tó ń lé e fún yín ò ráyè dé òsì ni?”

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin tí mo fẹ́. Ó ń retí èsì. Mo fi ìka kan ìpéǹpéjú mi, ìka náà dúdú. Mo dúró síbẹ̀, ife lọ́wọ́ kan, ìka dúdú lọ́wọ́ kejì, mò ń rò ó. Ojú ọ̀tún ni mo fi ń wo awò. Àárọ̀ gbogbo tó kọjá, àlùwàlá ni mo máa ń ṣe kí n tó wọlé, omi sì ti ń ṣàn án lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo sáré padà sí àgbàlá, mo tú gíláàsì kékeré náà, mo gbé e wọlé sábẹ́ iná.

Róbà etí rẹ̀ dúdú, tìróò náà dúdú, ta ló fẹ́ rí dúdú lára dúdú? Ìyàwó mi fi ìka rin ín, ó sì na ìka tó ti dúdú náà sí mi. Nígbà tí a wá gbé gíláàsì náà síwájú iná, a rí i. Ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bò ó lójú, bí ojú omi tí wọ́n ti fọ àwo ọbẹ̀ sí.

“Tìróò Hajiya nìyí,” ìyàwó mi ní. “Òróró ni wọ́n máa ń pò mọ́ tiwọn.”

Kì í ṣe Hajiya nìkan. Ìlú tí tọkùnrin tobìnrin ti ń lé tìróò ni mo kó gbogbo àdúgbò jọ sí, tí mo ní kí wọ́n gbé ojú lé gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú nìkan, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Mo ṣọ́ ìka gbogbo wọn, mi ò ṣọ́ ìpéǹpéjú ẹnikẹ́ni. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì.

Mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò fẹ́ dúró. Ìyàwó mi ń bá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi rí i pé omijé ló ń bọ́ lójú mi, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó jókòó tì mí. Ìgbà náà ni mo ròyìn fún un: òrùka, iná kèké, pátákó, mílíìkì tó ń bèèrè láti ọjọ́ yẹn. Bàbá mi rí òrùka, wọ́n dá gílóòbù lẹ́bi. Èmi rí òrùka, mo dá ojú mi lẹ́bi. Ìyàwó mi ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu tìróò náà kúrò lójú mi.

Mo fi òwú àti sípíríìtì nu gíláàsì náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Ní sààrì ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ní òun náà ń bọ̀ níta. Mo tọ ọ̀nà tí mo mọ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́, mo ní sùúrù, kò sì gba sùúrù púpọ̀. Abẹ́rẹ́ mi yọ jáde látinú òkùnkùn, ó dùbúlẹ̀ síbi tó wà láti ọjọ́ tó ti wà. Inú mi dùn débi pé mo kàn ń fọwọ́ gbá ògiri. Mo fi ìràwọ̀ ńlá náà dán an wò: kò sí òrùka. Mo fún ìyàwó mi láyè, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó.

“Ṣé eléyìí ni ẹ tìtorí rẹ̀ ń fi oorun sílẹ̀?” ó ní. Ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò níbẹ̀ títí tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ara ti tù mí, mo fẹ́ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń gbé awò wọlé ló sọ pé, “Awò ti gba ìwòsàn. Ó ku ẹ̀yin.”

“Ṣebí o rí i pé mo rí i?”

“Bàbá wọn, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ bàbá yín lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ ò lọ. Bí gálásì bá jẹ́ dókítà lóòótọ́, kó kọ̀wé fún yín kí n rí i.”

Lọ́jọ́ tí kò sí iṣẹ́, a wọ kèké, ó di ilé ìwòsàn ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sama Road. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá oògùn ojú ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ẹni tó wọlé láti àárọ̀ ló ti bi òun, ó ní àwọn aáfà tí òun bi sọ pé kò bà á jẹ́, àmọ́ bí mo bá ń ṣiyèméjì, kí n padà wá lẹ́yìn ààwẹ̀. Kí n tó lanu, ìyàwó mi ti ní kò sí ẹni tó ń padà lọ síbì kankan.

Wọ́n wọn agbára omi inú ojú mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kí n tẹjú mọ́ àárín, kí n má wá nǹkan kan kiri. Bí iná kékeré kan bá tàn níbikíbi lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n tẹ bọ́tìnnì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe lágbàlá mi láti ọjọ́ yìí wá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi, nítorí láàárín iná kan sí èkejì, òkùnkùn máa ń wà díẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá kò sí iná níbẹ̀ ni, tàbí ó wà tí mi ò rí i. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ti ń sá fún. Òógùn bò mí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà.

Nígbà tó yá, wọ́n kán oògùn tó ń ṣí ẹyinjú sílẹ̀ sí mi lójú, dókítà sì fi iná wo ẹ̀yìn ojú méjèèjì. Ọ̀dọ́kùnrin ará ibẹ̀ ni. Ó wo bébà tí ẹ̀rọ pọ̀ jáde, ó tún fi iná wò mí. Ìyàwó mi di apá aṣọ mi mú.

“Malam,” ó ní níkẹyìn, “lafiya lau. Ó dá ṣáṣá. Ojú méjèèjì.” Ó ní kí n máa padà wá lọ́dọọdún nítorí ọ̀rọ̀ bàbá mi, ó sì pe ẹni tó kàn.

A jáde sí Sama Road, oòrùn Sokoto sì rọ́ wọ inú ojú mi tí oògùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mi ò lè la ojú rárá. Mo gbé ọwọ́ lé èjìká ìyàwó mi, mo pa ojú dé, ó ń fà mí lọ, ó ń sọ pé, “Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè, gọ́tà wà níbí.” Àwọn tó ń kọjá ń kí mi ní “sannu, Allah ya ba da lafiya,” pé pẹ̀lẹ́, kí Ọlọ́run fún mi ní ìlera, wọ́n rò pé afọ́jú ni mí. Mò ń ṣe àmín, mo ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ igi dongoyárò kan ni mo ti ní kó bá mi pe bàbá mi lórí fóònù. Ìyá mi ló gbé e, wọ́n gbé e fún bàbá.

“Bàbá, ilé ìwòsàn ojú ni mo ti jáde báyìí. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ojú méjèèjì ló dá.”

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. “Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́.” Ohùn wọn ti yí padà. “Ìwọ lo kù. Gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n ti lọ, wọ́n ti sọ fún mi. Ìwọ nìkan ni mi ò lè bi, kí n má baà gbọ́ ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́.” “Ilé tí mo kọ́, ẹ ó pín in. Ilẹ̀ tí mo rà, ẹ ó pín in. Ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé eléyìí tó wà lójú mi, kó má jẹ̀ẹ́ kí n pín in fún yín.”

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn wọn, wọ́n ń bi bàbá pé kí ló dé tí wọ́n ń sunkún, ṣé kò sí nǹkan o? Bàbá mi gbé fóònù kúrò lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

“Kò sí nǹkan kan. Ọmọ rẹ ń ríran.”